Mo yàwòrán tán, ta ló wá ni ín?

Àwọn tó mọ̀ ọ́n yà pọ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹ lọ sí Yabatech, ẹ lọ sí Ifẹ̀, ẹ dé Auchi, ẹ tún wo àwọn tí ò tiẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà iléèwé kankan wọlé, tí wọ́n kàn ń fi fóònù wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí YouTube tí wọ́n sì ń yà á lóru lọ́sàn-án títí ọwọ́ wọn fi mọ́ ọn, ẹ máa rí i pé ọwọ́ kọ́ ni ìṣòro wa. Ohun tó ń lé èèyàn kúrò nídìí iṣẹ́ yìí ni pé èèyàn á yàwòrán lónìí, á gba owó tó máa jẹ lónìí, àwòrán yẹn á wá máa rìn káàkiri, á máa pawó fún ẹlòmíì, ẹni tó yà á ò sì ní gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀ mọ́. Lọ́la, ó tún gbọ́dọ̀ ya òmíì kó tó jẹun. Èmi tí mò ń fi iṣẹ́ yìí gbọ́ bùkátà, tí mi ò níṣẹ́ oṣù níbì kankan, ohun tí mo gbà pé ó jẹ́ kí n ṣì wà nídìí ẹ̀ ni pé kí n tó mú pẹ́ńsù, mo máa ń béèrè pé tí mo bá yà á tán, ta ló máa ni ín?

Kí n yára là á. Iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti àwọn tó ń ya àwòrán ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri ní gálárì. Illustrator ni wọ́n ń pe tiwa. Ẹnì kan kọ ìtàn, ó fẹ́ kí ọmọ ọdún márùn-ún rí ìjàpá yẹn kedere. Ìwé ìròyìn ń wá àwòrán tó máa bá ọ̀rọ̀ owó epo lọ. Ilé ìwòsàn fẹ́ pósítà tí aboyún tí ò mọ̀wé kà á wò tó sì máa yé e. Freelance ni mò ń ṣe é, mi ò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan, iṣẹ́ tó bá dé ni mò ń ṣe, tí kò bá dé, èmi ni mo máa wá a lọ.

Ó wá yẹ kó yé gbogbo wa pé ẹni tó ní kí n yàwòrán, kì í ṣe àwòrán yẹn gan-an ló ń rà lọ́wọ́ mi, àyè láti lò ó ló ń rà. Bí ìgbà téèyàn fẹ́ rẹ́ǹtì yàrá ni: ọdún mélòó, ṣé wọ́n kàn máa sùn ńbẹ̀ ni àbí wọ́n máa ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ẹ̀, ṣé wọ́n lè rẹ́ǹtì ẹ̀ fún ẹlòmíì? Gbogbo ẹ̀ ló níye tiẹ̀. Tí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ lo àwòrán mi nínú ìwé kíkà ní Nàìjíríà nìkan, iye kan nìyẹn. Tí wọ́n bá tún fẹ́ fi ṣe báàgì ọmọléèwé, kí wọ́n sọ ọ́ di kátúùnù orí tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n máa tà á ní Gánà àti Kẹ́ńyà, iye mìíì tún nìyẹn, torí nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi pawó ti pọ̀ sí i.

Èmi kọ́ ni mo ń dá òfin sílẹ̀ o. Òfin Copyright tuntun ti Nàìjíríà, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́, ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù kẹta ọdún 2023, sọ pé ọwọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni ẹ̀tọ́ ti bẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀tọ́ náà wà fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tó bá kú, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ àtọmọọmọ ẹ̀ lè máa jẹ ńbẹ̀. Tó bá sì fẹ́ gbé e fún ẹlòmíì pátápátá, àfi kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí fóònù ò lè gbé e. Ṣé ẹ rí i, òfin ò fi wá sílẹ̀ rárá. Àwa la máa ń fọwọ́ ara wa gbé e dà nù, nígbà tí wọ́n bá fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ tí gbólóhùn kan fara pamọ́ sínú ẹ̀ pé "all rights", ìyẹn gbogbo ẹ̀tọ́ pátá, tí ebi sì wà nílẹ̀, téèyàn ò tiẹ̀ kà á tó fi sáìnì.

Èyí tó wá le jù ni tàwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá rí "work made for hire" nínú ìwé wọn, ẹ dúró, ẹ tún un kà. Ohun tó ń sọ ni pé lójú òfin Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ yẹn ló ni iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀, kódà àwọn ni wọ́n máa kà sí ẹni tó yà á. Ìwọ tó ò sùn, tó ò jẹun dáadáa, tó o jókòó tì í títí ẹ̀yìn fi ń dùn ẹ́, orúkọ ẹ ò sí ńbẹ̀. Nígbà míì owó tí wọ́n ń gbé wá tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tó fi yẹ kéèyàn gbà á, mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má gbà á. Èmi náà ti gbà á rí, mo sì mọ ohun tí mò ń tà àti iye tí mo tà á.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Akínọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bí lọ́dún 1916, òun ló ń ya kátúùnù fún West African Pilot, ìwé ìròyìn Azikiwe, lásìkò tí wọ́n ń bá ìjọba òyìnbó fa ọ̀rọ̀ òmìnira. Ẹni tí ò lè ka òyìnbó ọ̀rọ̀ Azikiwe yẹn já á wo àwòrán Láṣekan, á sì mọ ohun tó ń lọ. Bruce Onobrakpeya náà ńkọ́? Òun ló yàwòrán inú ìwé Fágúnwà tí Ṣóyínká túmọ̀ sí òyìnbó, tó jáde lọ́dún 1968. Lásìkò tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, tíṣà ni bàbá yẹn o, St. Gregory's College l'Ékòó ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọnà, láti 1963 títí di 1980. Mo máa ń rántí ẹ̀ tí mo bá gbọ́ táwọn kan ń sọ pé ẹni tó bá ṣì ń ṣe iṣẹ́ mìíì mọ́ ọn kì í ṣe ayàwòrán gidi. Kí ló kan tèmi pẹ̀lú ìyẹn. Laolu Senbanjo tó kun ara àwọn oníjó Beyoncé lọ́dún 2016, lọ́yà ni kó tó gbájú mọ́ iṣẹ́ ọnà. Owó oṣù tó ń wọlé látibòmíì ló máa jẹ́ kéèyàn lè wo fọ́ọ̀mù burúkú kó sì sọ pé rárá, ẹ ṣeun, mi ò lè sáìnì èyí. Tẹ́ ẹ bá níṣẹ́ báńkì, tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìn, ẹ má tíì fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ àwòrán fúnra ẹ̀ tì yín jáde.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ewé kan ṣàpèjúwe, torí àwọn èèyàn rò pé àwòrán ọmọdé ò lágbára. Ìwé àwòrán ọmọdé sábà máa ń jẹ́ ojú ewé 32, torí bí wọ́n ṣe ń ká bébà ńlá níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ojú ewé 16 ló máa ń jáde nínú ẹ̀, ìlọ́po méjì ẹ̀ ló di 32. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí wọ́n fún mi nírú ìwé bẹ́ẹ̀, tí gbólóhùn kan ṣoṣo wà lójú ewé kan nínú ẹ̀, pé màmá ra àkàrà láàárọ̀ Sátidé. Ó tán. Ẹni tó kọ ọ́ ti ṣe tiẹ̀, ó kù sí mi lọ́wọ́. Ta ló ń dín àkàrà náà, ọ̀dọ́bìnrin ni àbí ìyá àgbà? Orí àpótí ló jókòó sí, àpótí kékeré yẹn tó máa ń jẹ́ kí orúnkún ga ju agbada lọ. Igi ló fi ń dáná, torí náà èéfín gbọ́dọ̀ wà, èéfín náà ò sì gbọ́dọ̀ gba apá ọ̀tún torí ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ̀wé sí, ó di dandan kí atẹ́gùn máa fẹ́ lọ sápá òsì, tí atẹ́gùn bá sì ń fẹ́ lọ sápá òsì, ṣáàlì tó wà léjìká màmá náà gbọ́dọ̀ máa fẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹ̀wà lílọ̀ wà nínú ike, ṣíbí oníhò wà lọ́wọ́ kan, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n máa fi wé àkàrà wà lábẹ́ òkúta kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Àárọ̀ ni, òjìji gbọ́dọ̀ gùn. Mo wá fi ọmọ kékeré kan sẹ́yìn ìyá alákàrà, kò sí nínú ìtàn rárá, ó dìrọ̀ mọ́ ìró ìyá ẹ̀ ó ń yọjú wo ọmọ tó tẹ̀ lé màmá wá ra àkàrà. Ìyẹn làwọn ọmọ máa ń fọwọ́ tọ́ka sí, torí ọmọ ọdún mẹ́rin kì í ka ọ̀rọ̀, àwòrán ló ń kà nígbà tí ìyá ẹ̀ ń ka èyí tó kù.

Ẹ̀dítọ̀ ìwé náà ò tíì dé ilẹ̀ wa rí, ó béèrè pé kí ló dé tí obìnrin náà ń dáná síta gbangba. Mo fi ìmeèlì gígùn ránṣẹ́ sí i, mo ṣàlàyé nípa èèyàn tó ń tò síwájú alákàrà láàárọ̀ Sátidé, àti ògì tó máa wà nílé tó ń dúró dè é. Ó dá mi lóhùn pé kí n fi í bẹ́ẹ̀, kí n tiẹ̀ fi èèyàn méjì kún àwọn tó ń tò. Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ mú ojú ewé yẹn ṣe pósítà tí wọ́n fẹ́ máa tà, wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá bá mi, torí ìwé nìkan la kọ sínú àdéhùn. Ohun tí mo mọ̀ nípa àkàrà àti èéfín àti ọmọ tó ń yọjú yẹn, òun ni wọ́n ń sanwó ẹ̀, kì í ṣe láìnì tí mo fà.

Nípa àwọ̀, mo ní láti sọ èyí torí ó máa ń ba àwọn èèyàn lọ́kàn jẹ́. Iná ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, íǹkì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń ṣe tiẹ̀: cyan, magenta, yéèlò àti dúdú. Nǹkan tó ń tàn yanran lójú kọ̀ǹpútà lè kú pátápátá lórí bébà. Mo ya àdìrẹ kan fún ìwé tí ẹnì kan fẹ́ tẹ̀ ní Ṣómólú, ó jẹ́ aró gidi, ó ṣú, ó jinlẹ̀, inú mi dùn sí i. Bàbá atẹ̀wé tó wò ó, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn gan-an, ò tíì tẹ nǹkan kan tó fi sọ pé, "Àbúrò, búlúù ẹ yìí máa di pọ́pù o." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo lè ṣe sí i?" Ó ní kí n dín magenta inú ẹ̀ kù, kó jìnnà dáadáa sí cyan, bí wọ́n bá ti sún mọ́ra jù, búlúù á yí padà. Mo dín in kù níbẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, ó tẹ ẹyọ kan fún mi wò, aró padà di aró. Àtìgbà yẹn kò sí àdìrẹ tí mo yà tí mi ò kọ́kọ́ wo nọ́ńbà yẹn. Nǹkan tó kù, ẹ kọ ọ́ síbì kan: 300 dpi, ìyẹn tó-tò àwọ̀ 300 nínú íǹṣì kan, ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwòrán fi milimítà mẹ́ta yọ kọjá etí bébà lọ́tùn-ún lósì lókè nísàlẹ̀, kí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ìwé má bàa fi ìlà funfun sílẹ̀.

Ó yá, owó. Mi ò kí ń fọwọ́ kan iṣẹ́ láìgba apá kan owó ẹ̀ ṣáájú, màá gba apá kejì tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí àwòrán pẹ́ńsù, ìyókù gbọ́dọ̀ wọlé kí fáìlì ńlá tó jáde lọ́wọ́ mi. Mo máa ń kọ iye ìgbà tí wọ́n lè ní kí n tún un ṣe, mo sì máa ń kọ ọ́ pé tí wọ́n bá pa iṣẹ́ tì láàárín, wọ́n máa san owó ibi tí mo bá a dé. Àwọn kan máa ń bínú sí i. Ẹni tó bá bínú torí pé mo kọ nǹkan sílẹ̀, màá kúkú mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀.

Fiverr, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwa freelance ti ń rí iṣẹ́, máa ń yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, tí kọ́sítọ́mà bá san $100, $80 ló kàn ẹ́, kí àwọn tó ń gbé owó wá sílé tó yọ tiwọn. Ó dáa láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ò ṣeé gbé títí, torí ọ̀pọ̀ kọ́sítọ́mà ibẹ̀ ló ń wá ẹni tí owó ẹ̀ kéré jù. PayPal tí wọ́n ṣí fún Nàìjíríà lọ́dún 2014, ká fi sanwó jáde ni, ọ̀pọ̀ ọdún la fi wà tí a ò lè fi gba owó wọlé, Payoneer la fi ń gba tiwa. Nígbà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là kan tó wà ní bíi ₦460 gun òkè, tí ó fi kọjá ₦1,400 kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2024 tó parí, àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé orire ti dé bá àwa tá à ń gba dọ́là. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń gbà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tábílẹ́ẹ̀tì tá à ń yàwòrán lé, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Photoshop, dọ́là. Epo jẹnẹrétọ̀ tí kò pé ₦200 lítà kan nílé epo NNPC l'Ékòó níbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti fẹ́ẹ̀ tó ₦1,000 nígbà tí ọdún tó tẹ̀lé e ń parí lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Krita wà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lágbára dáadáa. Ẹ má lọ yá owó ra iPad.

Àdéhùn tí mò ń pariwo ẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti gbà mí. Ilé iṣẹ́ kan ní kí n yàwòrán fún ìwé pélébé kan tí wọ́n fẹ́ pín fáwọn ọmọléèwé. A kọ ọ́ pé ìwé yẹn nìkan. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹ̀gbọ́n mi ya fọ́tò pátákó ńlá kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní, "Ṣé iṣẹ́ ẹ kọ́ nìyí?" Iṣẹ́ mi ni. Wọ́n ti gé ọmọbìnrin inú ẹ̀ yọ, wọ́n ti fi polówó nǹkan míì. Mo kọ lẹ́tà, mo fi ojú ewé àdéhùn tí ọ̀rọ̀ yẹn wà há a, mo fi ínfọ́ìsì sí i. Wọn ò fèsì. Mo tún kọ. Nígbà tí lọ́yà ọ̀rẹ́ mi wá kọ tiẹ̀, wọ́n sanwó, gbogbo ẹ̀. Wọn ò sì pè mí fún iṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó dùn mí, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún mi, àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní ọ́fíìsì wọn sì mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún ṣe é lọ́la, màá tún kọ lẹ́tà.

Wọ́n máa ń bi mí nípa AI, ìyẹn àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń yàwòrán fúnra wọn. Ó ti gba àwọn iṣẹ́ kan lọ, mi ò ní purọ́, pàápàá àwọn iṣẹ́ wéré wéré tí wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀, èyí sì burú torí ibẹ̀ lọ́pọ̀ wa ti kọ́ ọwọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn tó fẹ́ tẹ̀wé. Lóṣù kejì ọdún 2023, ọ́fíìsì Copyright ti Amẹ́ríkà wo ìwé kọ́míìkì kan tí wọ́n fi Midjourney, ọ̀kan lára irú AI yẹn, ṣe àwòrán inú ẹ̀, wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ àti bó ṣe tò ó, àmọ́ kò ní ẹ̀tọ́ lórí àwọn àwòrán náà, torí èèyàn kọ́ ló yà wọ́n. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fi irú ẹ̀ ṣe akọni ìwé ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹlòmíì lè gbé àwòrán yẹn kó máa fi ta bisikíìtì, kò sì ní lè sọ pé kí ló dé. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí fún oníléeṣẹ́ tó ń ronú àtita báàgì àti kátúùnù, ó máa ń jókòó dáadáa.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ti rìn jìnnà ju tiwa lọ. Ẹni tó kọ ìwé ọmọdé àtẹni tó yà á sábà máa ń pín owó tó ń wọlé lórí títà ní dọ́gba. Illustrator tó ń gbé níbẹ̀ tún ń gba owó tí wọ́n bá yá ìwé ẹ̀ láwọn láíbìrì ìjọba, ètò Public Lending Right ló ń san án, èyí tó pọ̀ jù tí ẹnì kan lè gbà lọ́dún ni £6,600. Dapo Adeola, ọmọ wa tó wà ní London, tó gba àmì ẹ̀yẹ Illustrator of the Year ní British Book Awards lọ́dún 2022, orúkọ ẹ̀ máa ń wà lára èèpo ìwé tó bá yà, èèyàn ń wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n á máa béèrè ìwé Dapo. Sarah McIntyre, illustrator kan tó wà níbẹ̀, ja ìjà ńlá lórí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, kí wọ́n máa dárúkọ àwọn tó ń yàwòrán nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ òǹkọ̀wé. Ẹ mú ìwé ọmọdé márùn-ún tí wọ́n tẹ̀ n'Ìbàdàn níhìn-ín, kẹ́ ẹ wo mélòó ló kọ orúkọ ẹni tó yà á síwájú. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ni, tó bá tiẹ̀ wà rárá. Mo ti ń fi í sínú àdéhùn tèmi báyìí, lábẹ́ ibi tí a kọ owó sí, pé orúkọ mi á wà lára èèpo ìwé. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá sì rí orúkọ náà lè wá mi rí, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ iṣẹ́ mi ti ń wá.

Èyí tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ jẹ́ ìwé ìṣirò fún pírámárì, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn fẹ́ ra gbogbo ẹ̀tọ́ pátápátá. Mo bá ọ̀gá tó ń bójú tó o sọ̀rọ̀, mo ní, "Ẹ̀yin mà, ṣé ẹ fẹ́ lò ó fún nǹkan tó ju ìwé lọ ni?" Ó ní rárá, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn. Mo wá kọ iye méjì ránṣẹ́ sí wọn, ọ̀kan fún ìwé nìkan ní Nàìjíríà fún ọdún márùn-ún, èkejì fún gbogbo ẹ̀tọ́, tó fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní àwọn máa jókòó lé e lórí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, mo ti mọ ohun tí màá fi sílẹ̀ àti iye tí màá gbà fún un.